Omi Ìdọ̀tí Tí Wọ́n Tọ́jú: Ẹ Bi Wọ́n Pé Mélòó Ló Kù

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ náà ni mo tún gbé wá, mi ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀: kéèyàn kàn da kílórínì sómi ìdọ̀tí ò sọ ọ́ di omi tá a lè fọkàn tán láti fi bomi rin oko.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Omi tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ńlá bọ̀, tẹ́ ẹ bá bu 100 mílílítà péré nínú ẹ̀, E. coli, ìyẹn kòkòrò inú ìgbẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìgbẹ́ wà nínú omi, lè tó 10,000,000 níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ á wá ní ẹ̀rọ àwọn ń pa 99 nínú 100, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ yọ ọ́ wò: 100,000 ló ṣì kù yẹn! Bẹ́ẹ̀ òfin European Union tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 ní kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú omi tó máa kan ewébẹ̀ tá à ń jẹ láìsè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 99 tàn yín mọ́, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló kù.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé E. coli gan-an, kílórínì tètè máa ń pa á, láàbù á wò ó, wọn ò ní rí nǹkan, wọ́n á buwọ́ lùwé, ó parí. Cryptosporidium, kòkòrò míì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ńkọ́? Èèpo ẹ̀ le, kílórínì ò rí i gbé ṣe. Ní Milwaukee l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, omi ẹ̀rọ ni o, kì í tiẹ̀ ṣe omi ìdọ̀tí, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi kílórínì sí i, nǹkan bí 400,000 èèyàn ló ṣì kó ìgbẹ́ gbuuru. Iná UV, ìyẹn ìtànṣán tó ń pa kòkòrò, ló ń ká Cryptosporidium lápá kò, ṣùgbọ́n adenovirus, fáírọ́ọ̀sì kan, tún wà tí UV kì í tètè ràn. Ẹyin aràn Ascaris, àfi kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ kúrò, torí ó lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tí omi bá sì tún rú, inú ìdọ̀tí yẹn làwọn kòkòrò máa ń sá sí, kílórínì ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibi tí mo dé rèé tí ìyá kan nawọ́: "Ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ṣé káwọn àgbẹ̀ má lo omi náà mọ́ ni?"

Rárá o, mà. Tá a bá ní kí wọ́n má lò ó, odò ló máa ṣàn lọ, àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò á bù ú láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló burú jù, torí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi omi ṣe ló máa sọ bó ṣe yẹ kó mọ́ tó. Ti òwú ò le tó ti ewébẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi gba inú rọ́bà lọ sídìí gbòǹgbò dípò kẹ́ ẹ máa wọ́n ọn sórí ewé, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó kórè kí oòrùn lè pa lára àwọn kòkòrò náà, ká fọ̀ ọ́, ká sè é tó bá ṣeé sè. Kò sí èyí tó lè dá ṣe é tán nínú àwọn ọ̀nà yìí.

Windhoek ní Namibia ti ń mu omi ìdọ̀tí tí wọ́n tọ́jú láti 1968, Singapore náà bẹ̀rẹ̀ NEWater, omi ìdọ̀tí tí wọ́n tún ṣe, ní 2003, aago ò jẹ́ kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìdènà lórí ìdènà ni tiwọn, wọn ò gbọ́kàn lé ẹyọ kan.

Ìyá, ẹ tún gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó lọ. Àyẹ̀wò E. coli máa ń gbà tó ọjọ́ kan kí èsì tó jáde, nígbà yẹn omi ti dóko. Mítà ló yẹ kó máa ṣọ́ omi tọ̀sán tòru: bó ṣe rú tó, kílórínì tó kù nínú ẹ̀, bóyá iná UV ṣì lágbára. Tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, kí fáàfù ti fúnra ẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ò bá lè fi àkọsílẹ̀ mítà yẹn hàn yín, ẹ má gba omi lọ́wọ́ ẹ̀.