Bí A Ṣe Ń Yan Orúkọ fún Ọmọ Ajá Weimaraner

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Iṣẹ́ kíkọ́ ajá ni mò ń ṣe, yíyan orúkọ fún ọmọ ajá Weimaraner tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wálé ni a ó sì jọ ṣe lónìí. Ajá ọdẹ ni Weimaraner. Ìlú Weimar ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti gba orúkọ ẹ̀yà rẹ̀, ọdún 1897 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ó ń bójú tó ẹ̀yà náà sílẹ̀ ní Jámánì. Nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ń sìn ín ni pé kí ó máa sáré ṣíwájú ọdẹ láti wá ẹran, orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ni èyí tí yóò dé etí rẹ̀ níbikíbi tí ó bá sá dé.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ya orúkọ inú ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí ẹ ó máa fi pè é. Ní Jámánì, àwọn tí ń bí ajá tà máa ń fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ọmọ tí ìyá kan bí lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí ní ilé ìsìnjá náà á gba A, àwọn tí wọ́n bí tẹ̀ lé wọn á gba B, wọn á sì fi orúkọ ilé tí wọ́n ti bí wọn kún un. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn gùn bí ó ṣe wù ú, torí pé inú ìwé ni yóò wà.

Ẹ wá wo ọmọ ajá tí ó wà níwájú mi yìí, tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ súnmọ́ ojú rẹ̀ dáadáa: ó mọ́ roro bí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi máa di àgbà, yóò ti di àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ eérú. Àní, wọ́n sábà máa ń bí Weimaraner pẹ̀lú ìlà lára bíi ti ẹkùn, ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìlà náà sì fi máa ń pòórá. Ẹni tí ó bá torí ojú rẹ̀ sọ ọ́ ní “Blue” yóò máa ṣàlàyé fún àlejò títí ajá náà yóò fi darúgbó. Ní ti àwọ̀ ara rẹ̀ tí ó dà bí eérú tí ń dán bíi fàdákà, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ ọ́ ní “Silver” tàbí “Ghost”. Kò burú, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn olówó Weimaraner bá péjọ sí, ajá tí yóò dáhùn lè ju ẹyọ kan lọ.

Etí ni kí ẹ fi yan orúkọ. Orúkọ onísílébù méjì ni mo fara mọ́ jù, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró tí ó le, bíi k, t tàbí d, kí ó sì parí sí fáwẹ́lì, nítorí pé fáwẹ́lì ni ẹnu lè fà gùn nígbà tí ajá bá jìnnà. Ẹ wo Heidi, Weimaraner tí Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà sìn: ó kúrú, ó sì parí sí fáwẹ́lì. (Kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọba tí Heidi bà jẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e lọ sí oko Ààrẹ ní Gettysburg, ṣùgbọ́n ẹ̀bi orúkọ kọ́ nìyẹn.) Òótọ́ ni pé ajá ọdẹ inú àlọ́ wa máa ń ní orúkọ gígùn gbọọrọ, àmọ́ orin ni ọdẹ náà fi ń pè wọ́n, ajá inú àlọ́ kì í sì í pẹ́ dé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ẹ kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ ó máa pa fún ajá náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa pe orúkọ tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ohùn rara. Àwọn tí ń fi èdè Jámánì kọ́ ajá máa ń sọ pé “Aus” bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ju ohun tí ó gbé sẹ́nu sílẹ̀. Nítorí náà, “Klaus”, bí ó ti wuyì tó, yóò dà á láàmú. “Kit” súnmọ́ “Sit” jù, “Bo” sì jọ “No”. Bí ẹ bá ń fi Yorùbá kọ́ ọ, ẹ yẹra fún “Dúdú”, nítorí pé “Dúró” bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ohùn wọn sì tún dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tí ó ń gbé láàárín Yorùbá kò gbọdọ̀ fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ pe ajá, bí kò bá fẹ́ ìjà.

Nígbà tí ó bá ku orúkọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lọ sí pápá, kí ẹnì kan dúró lọ́nà jíjìn, kí ẹ sì pè wọ́n sí i. Èyí tí ó bá gbọ́ kedere láìbéèrè ni kí ẹ mú.

Ó ku kí ajá mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ẹran bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju èékánná lọ. Ẹ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rí i bí etí rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ sún síwájú kí orí tó yí? Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá kan tiyín gan-an ni kí ẹran bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ má pè é léraléra, ẹ má sì fi orúkọ náà bá a wí rárá, nítorí Weimaraner kì í fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀, ìbáwí sì tètè máa ń dùn ún. Bí ó bá ti ń yíjú nínú ilé, ẹ gbé e lọ sí àgbàlá, lẹ́yìn náà sí pápá pẹ̀lú okùn gígùn. Nígbà náà ni kí ẹ tó kọ orúkọ sí bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù yín tóbi ju orúkọ náà lọ.