Máàpù radon kò mọ yàrá tí Màmá ń sùn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa. Nígbà tí ìyá yín ti Nàìjíríà dé láti wá bá yín wẹ ọmọ, yàrá wo lẹ fún wọn? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, bésímẹ́ǹtì ni, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé tó wọ inú ilẹ̀. Ó dákẹ́, balùwẹ̀ wà níbẹ̀, a sì ti ti fèrèsé kékeré rẹ̀ pa pinpin nítorí òtútù. Yàrá yẹn ni mo bá wá.

Gáàsì tó ń tú ìtànṣán olóró jáde ni radon. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Inú àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ tó ní uranium ló ti ń jáde. Níta gbangba, atẹ́gùn á fọ́n ọn ká. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé a máa gòkè, ilé á wá máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ wọlé gba ibi tí kọnkéré ti sán àti ẹ̀gbẹ́ páìpù. Ohun tí radon ń dà a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, á sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn sìgá, òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù ní Amẹ́ríkà. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 21,000 ènìyàn ló ń tipa rẹ̀ kú lọ́dún. Ẹni tó tún wá ń mu sìgá, ewu tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, Stanley Watras, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ iná àtọ́míìkì Limerick ní Pennsylvania, ń kọjá níwájú ẹ̀rọ tó ń yẹ òṣìṣẹ́ wò bóyá ìtànṣán olóró wà lára wọn, ẹ̀rọ náà sì ń han. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀ wá síbi iṣẹ́. Nǹkan bí 2,700 picocurie, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn radon, ni wọ́n bá nínú lítà afẹ́fẹ́ kan nílé ọ̀hún. Bó bá ti dé 4 péré ni EPA ní kí á tún ilé ṣe! Ìdílé náà kó jáde, wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n sì padà síbẹ̀.

Lọ́dún 1993 ni EPA gbé máàpù radon jáde, káúńtì káúńtì, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Pupa ni ibi tí wọ́n retí pé ìpíndọ́gba radon inú ilé yóò ju 4 lọ, àwọ̀ ọsàn ni 2 sí 4, yẹ́lò ni ibi tí kò tó 2. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. Wọ́n á rí yẹ́lò, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, kò kàn wá." Ó kàn yín o. Ìpíndọ́gba odindi káúńtì ni máàpù ń sọ, kì í ṣe ilé yín. Kí ìjọba lè mọ ibi tí òfin ilé kíkọ́ ti yẹ kó le ni wọ́n ṣe ṣe é, EPA fúnra rẹ̀ sì ní kí gbogbo ilé ṣe àyẹ̀wò, àwọ̀ yòówù kí ó jẹ́. Ilé méjì tó jọ pín ọgbà lè yàtọ̀ síra pátápátá, torí pé kọnkéré ọ̀kan sán, tèkejì kò sán.

Pupa ni Montgomery County, ní Maryland níbí. Láti oṣù Kẹwàá 2016, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé ìdílé kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún radon, tàbí kó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó tà á. Òfin yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbé ilé tirẹ̀ láti ogún ọdún, tí kò ní in lọ́kàn láti tà á, kò sẹ́ni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Òun gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Agolo pẹlẹbẹ tí èédú wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ ilé wò fún radon. Ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìta láti wákàtí 12 ṣáájú, ẹ má sì ṣí wọn títí àyẹ̀wò yóò fi parí, àfi bí ẹ bá ń wọlé tàbí tí ẹ ń jáde. Ẹ ṣí agolo náà, ẹ gbé e sórí tábìlì kékeré tí Màmá ń gbé gíláàsì ojú wọn lé, ẹ fi í síbẹ̀ fún iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára, ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ẹ dé e padà, ẹ fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò kíákíá. Bó bá ga, oníṣẹ́ yóò lu kọnkéré, yóò ki páìpù bọ̀ ọ́, fáànù yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ gba òkè òrùlé jáde. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyẹn. Kí ẹ sì fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún Màmá, tó mọ owó iná ṣọ́, pé fáànù yẹn kì í sinmi: tọ̀sán tòru ni, wọn ò gbọdọ̀ pa á.