Ẹ̀rọ ti dé ilé, ta ló ń ka nọ́ńbà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ wo orí fìríìjì màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò rèé, inú páálí ló ṣì wà. Ó yẹ kí màmá máa fi wọn ara wọn láràárọ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ gba orí fóònù lọ bá dókítà, kí wọ́n má baà máa já mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àrábà nígbà gbogbo.

Àwọn kan á ní àgbà ò fẹ́ nǹkan ìgbàlódé. Irọ́ ni! Màmá yìí kan náà ló ń fi fídíò àdúrà jí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp.

Owó wà níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè má gani lára, àmọ́ sítíríìpù tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá láti máa wo ṣúgà, irú FreeStyle Libre 2, ọjọ́ 14 ni, ẹ tún ra òmíràn. Ká má tíì sọ ti dátà àti iná.

Ara tiwa náà ńkọ́? Báǹdì tí wọ́n ń dè mọ́ apá, tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, sábà máa ń wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Tí apá bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi tipátipá dè é, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àyà màmá á já, ẹ̀rù yẹn náà á tún gbé e sókè sí i. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, láàlì dúdú lè dà á rú. Kódà, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ó máa ń ṣì í kà fáwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tó bá ń fura sí ẹ̀rọ, ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan.

Èyí tó burú jù lójú tèmi rèé: màmá á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lónìí, lọ́la, lọ́túnla, ẹnì kankan ò ní fèsì. Nọ́ọ̀sì ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì kan sí ìkejì. Ta ló fẹ́ sanwó fún un pé kó jókòó ti fóònù? Ta ni ò ní dá ẹ̀rọ padà sínú páálí?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á fún òbí yín, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn wọn. Ta ló máa ka nọ́ńbà? Tí nọ́ńbà òkè ti ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọjá 180 lóru ńkọ́, ta ni wọ́n máa pè? Tí wọ́n bá dáhùn, kí ẹ tó wá mú tépù, kí ẹ wọn apá òbí yín.