Àgbo Ṣáínà àti Kíndìnrín Alátọ̀gbẹ: Kí La Fi Ń Mọ̀ Pé Ó Ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé alátọ̀gbẹ kan ní Ṣáínà, tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, mu àgbo fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹsẹ̀ tó wú ti fà, ara sì ti fúyẹ́. Ṣé kíndìnrín náà ti sàn? Kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó dáhùn?

Ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń wò. Iṣẹ́ asẹ́ ni kíndìnrín ń ṣe: ìdọ̀tí á kọjá, pùrótéènì á dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá ti ba ojú asẹ́ náà jẹ́, pùrótéènì tó ń jẹ́ alubúmìn á máa jò bá ìtọ̀ jáde. Tó bá tó mílígírámù 30 sí gírámù kríátínínì kan (ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni kríátínínì), tí kò sì lọ, dókítà á fura. Tó bá kọjá 300, ọ̀rọ̀ ti le.

Kápúsù kan wà ní Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Huangkui. Òdòdó ewéko kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ilá ni wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ilá tí à ń fi jẹ àmàlà yẹn. Ẹ má torí ẹ̀ lọ máa mu omi ilá o! Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó ń dín pùrótéènì inú ìtọ̀ kù.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pùrótéènì ló ń ba aláìsàn lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló ń bẹ̀rù, àti ikú. Nígbà tí wọ́n dán losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, wò lára alátọ̀gbẹ 1,513, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, ohun tí wọ́n kà ni iye ẹni tí kríátínínì inú ẹ̀jẹ̀ wọn di ìlọ́po méjì, iye ẹni tí kíndìnrín wọn kọṣẹ́ pátápátá, àti iye ẹni tó kú. Ó gba ọdún mẹ́ta ó lé. Oṣù díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí àgbo Ṣáínà ń lò.

Èyí tó tún ń dà mí láàmú jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní “àpapọ̀ ìṣiṣẹ́”. Wọ́n á ro àárẹ̀, ẹnu gbígbẹ àti ẹ̀yìn ríro pọ̀ mọ́ èsì àyẹ̀wò, wọ́n á wá ní oògùn “ṣiṣẹ́” fún báyìí-báyìí ènìyàn. Bí òṣùwọ̀n tèmi bá yàtọ̀ sí tìrẹ, báwo la ṣe fẹ́ ro èsì wa pọ̀?

Mi ò ní kí wọ́n má ka àárẹ̀ o. Nígbà tí àwọn olùwádìí jọ jókòó pẹ̀lú àwọn aláìsàn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àárẹ̀ wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n fẹnu kò sí pé gbogbo ìwádìí gbọ́dọ̀ wọ̀n. Kí wọ́n kàn kà á lọ́tọ̀. Irú àkójọ àjùmọ̀ṣe bẹ́ẹ̀, ti ohun tí gbogbo ìwádìí lórí àìsàn kan gbọ́dọ̀ wọ̀n, ni àjọ COMET ti ń polongo láti 2010, àwọn olùwádìí ìṣègùn Ṣáínà náà sì ti ń ṣe tiwọn.

Ewu tó wà nínú oògùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ yẹn. Ní Brussels, ní orílẹ̀-èdè Belgium, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń lo egbòogi Ṣáínà kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ṣi ewéko mú: Aristolochia, ewéko tó ní májèlé, ló wọ inú oògùn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1993. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ tó mú àwọn kan nínú wọn, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó yọjú. Ìwádìí ọ̀sẹ̀ méjìlá kò lè rí i.