Der, Die, Das: Ibi Tí Ẹni Tó Ń Dá Kọ́ Èdè Jámánì Ti Ń Ṣubú

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo orí tábìlì yìí: ṣíbí kan, fọ́ọ̀kì kan, ọ̀bẹ kan. A fi ń jẹun ni gbogbo wọn, ibì kan náà la sì ń kó wọn sí nínú ilé ìdáná. Àmọ́ tí ẹ bá fi èdè Jámánì pè wọ́n, akọ ni ṣíbí, abo ni fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ kò ṣakọ, kò sì ṣabo. Der Löffel. Die Gabel. Das Messer. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Ẹni tó bá jókòó ti "kí ló dé" níbí yìí, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá kọ́ èdè yìí ti ń ṣubú, pàápàá àwa ọmọ Yorùbá. "Ó" kan ṣoṣo la ní. Bàbá jáde, ó jáde. Ìyá jáde, ó jáde. Fóònù bàjẹ́, ó bàjẹ́. Nítorí náà, tí a bá rí der, die, das níwájú ọ̀rọ̀, a máa ń fojú fò ó bí ohun tí kò ṣe pàtàkì. A ó kọ "Löffel = ṣíbí" sínú ìwé, a ó há a sórí, inú wa á dùn pé igba ọ̀rọ̀ ti wà lágbárí. Ó wá di ọjọ́ tí a fẹ́ sọ gbólóhùn kan tó gún, ẹnu kọ̀ kò ṣí.

Ẹ fetí sílẹ̀, màá sọ ọ́, màá sì tún un sọ: Ẹ MÁ KỌ́ Ọ̀RỌ̀-ORÚKỌ KANKAN LÁÌ KỌ́ DER, DIE TÀBÍ DAS RẸ̀ MỌ́ ỌN! Ẹ má sọ pé ẹ ó padà wá kọ́ ìyẹn tó bá yá. Ẹ ò ní padà wá. Bí ìgbín bá fà, ìkaraun a tẹ̀lé e. Löffel ni ìgbín, der ni ìkaraun rẹ̀. Ta ló ti bá ìgbín pàdé lójú ọ̀nà rí, tí ìgbín ní òun fi ìkaraun sílé? Ẹ pè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: derLöffel, derLöffel. Ìdákẹ́jẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wà láàárín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe káàdì. Ẹ lo Anki, áàpù tó ń fi káàdì rán yín létí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ́; ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android. Níwájú káàdì, ẹ fi àwòrán ṣíbí sí i. Ní ẹ̀yìn, ẹ kọ der Löffel, kí ẹ sì kọ bó ṣe máa ń rí tó bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ: die Löffel. Ẹ má fo ti ọ̀pọ̀ yẹn o, nítorí kò ṣeé méfò. Löffel ò yí padà, Messer ò yí padà, Gabel di Gabeln, Tisch tó jẹ́ tábìlì di Tische, Kind tó jẹ́ ọmọ di Kinder. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ọ̀rọ̀ náà: búlúù fún der, pupa fún die, àwọ̀ ewé fún das. Àwọ̀ tó bá wù yín lẹ lè mú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mú un, ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹnu bá gbàgbé, àwọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ lọ́kàn yín.

Bí Anki bá ṣe wá, ogún káàdì tuntun ló máa ń gbé kalẹ̀ lójúmọ́. Ẹ dín in kù sí 10. Mo mọ̀ pé ara yín ṣì ń gbóná, ẹ fẹ́ gbé e sí 50. Ẹ má dán an wò! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ́ lónìí ló máa padà wá bá yín lọ́la, tó tún máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, àtúnyẹ̀wò á ti di òkìtì, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún áàpù náà bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí Goethe-Institut, iléeṣẹ́ Jámánì tó ń kọ́ni ní èdè yìí tó sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣe fún A1, ìpele ìbẹ̀rẹ̀, kò ju nǹkan bíi 650 lọ. Tí ẹ bá ń kọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, ọjọ́ 65 ni. Kí lẹ wá ń sáré fún?

Ohun kan wà tó máa tù yín lára díẹ̀: ìparí ọ̀rọ̀ máa ń tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ung, -heit, -keit, -schaft, -tion tàbí -tät, die ni: die Wohnung, die Gesundheit, die Universität. Tó bá parí sí -ling tàbí -ismus, der ni. Èyí tó bá parí sí -chen, das ni, ìdí nìyẹn tí Mädchen, ọmọbìnrin, fi jẹ́ das. Ọmọbìnrin náà kọ́ ló ṣẹ̀ wọ́n, -chen ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì wa, nítorí ibí ni ẹ ó ti rí ohun tí der ń ṣe. Der Löffel ist hier, ṣíbí wà níbí. Ṣíbí ni olùwà, der rẹ̀ dúró wámúwámú. Ó yá, ẹ sọ pé ẹ nílò wọn: Ich brauche den Löffel, die Gabel und das Messer. Ṣíbí ti di àbọ̀, der ti di den. Die ńkọ́? Kò mira. Das ńkọ́? Kò mira. Tó bá di àbọ̀ báyìí, akọ nìkan ló ń yí padà! Ẹ tún un sọ fúnra yín: AKỌ NÌKAN! Bákan náà ló rí pẹ̀lú ein: einen Löffel, eine Gabel, ein Messer. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ "ich brauche ein Löffel", ẹ ti mọ bó ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ wá fi ṣíbí jẹun. Ich esse mit dem Löffel. Mit der Gabel. Mit dem Messer. Der di dem, das náà di dem, die wá di der. Ẹ ó wá pariwo pé: "Ṣebí ẹ ní akọ ló ni der! Ṣé Gabel ti wá di akọ ni?" Ẹ fara balẹ̀. Abo ni Gabel, abo ni yóò máa jẹ́. Bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn mit nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé die ni Gabel, ibí ló máa sọnù sí pátápátá, torí kò ní mọ irú der tó ń wò. Àwọn tó ń ṣe bíi mit ni aus, bei, nach, seit, von àti zu. Ẹ há méjèèje bí orin. Für, ohne, durch, gegen àti um ní tiwọn fẹ́ den. In àti auf àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún; ẹ má tíì fọwọ́ kàn wọ́n lóṣù kìíní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ lẹ tábìlì alápòótí mẹ́rìndínlógún yẹn, èyí tí ìwé gírámà fi ń to gbogbo ìrísí der, die, das, mọ́ ògiri. Kò sí ẹni tó ń rántí tábìlì nígbà tí ẹni tó ń tajà bá ń wò ó lẹ́nu. Gbólóhùn mẹ́ta ti ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ yìí ni kí ẹ máa sọ sókè, kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò wọn.

Pípe ọ̀rọ̀, kíákíá. Etí wa ti mọ̀ pé àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, torí náà schon àti schön kò lè dà wá rú. Fún ö, ẹ pe "e" inú ewé, kí ahọ́n má kúrò níbi tó wà, kí ẹ wá ká ètè bí ẹni fẹ́ pe "o". Fún ü, "i" inú igi ni, pẹ̀lú ètè "u". Ó tán. Ohun tó ń bá wa jà gan-an ni W àti Z àti ìparí ọ̀rọ̀. Fún W, eyín òkè á kan ètè ìsàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á sì máa gbọ̀n. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Tí kò bá gbọ̀n, Wein, ìyẹn wáìnì, ti di fein nìyẹn. Z jẹ́ "ts", torí náà zehn kì í ṣe "sen". Fáwẹ́lì ni ẹnu wa fẹ́ fi máa parí gbogbo ọ̀rọ̀, Abend á wá di "ábéǹdì". Rárá o! "T" ni Abend fi ń parí, ẹ gé e síbẹ̀. Tag, "k" ló fi ń parí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́? Ipò kejì ni tirẹ̀. Ich lerne heute Deutsch. Bí heute, òní, bá bọ́ síwájú, ich á lọ sẹ́yìn lerne: Heute lerne ich Deutsch. "Heute ich lerne" kò sí. KÒ SÍ! Tí weil, ìyẹn "nítorí pé", bá sì wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe á lọ sí ìparí pátápátá: Ich lerne Deutsch, weil ich in Deutschland arbeiten will. Will yẹn ni "fẹ́". Tí ẹ bá ń tẹ́tí, ẹ má tíì dáhùn kí ó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́tọ̀ díẹ̀, nítorí èyí dùn mọ́ mi. Mọ́kànlélógún, kí ló ṣáájú níbẹ̀? Ọ̀kan ni, ogún ló tẹ̀lé e. Einundzwanzig, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ogún! Mẹ́rìnlélógún, vierundzwanzig, bákan náà. Ẹni tó bá ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá ni èyí ń dà láàmú. Tó bá wá di 25, a pínyà: àwa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú ọgbọ̀n, àwọn kì í yọ, fünfundzwanzig ni tiwọn. Ibi tó ti léwu ni nọ́ńbà fóònù. Wọ́n á ní siebenundvierzig, ẹ ó gbọ́ méje kí ẹ tó gbọ́ ogójì, ọwọ́ tó yá jù á sì kọ 74. 47 ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí kí bíró tó kan ìwé.

Lójúmọ́, ogún ìṣẹ́jú fún Anki, ọgbọ̀n fún ẹ̀kọ́, mẹ́wàá fún sísọ sókè. Deutsche Welle, iléeṣẹ́ ìròyìn Jámánì, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti A1 dé B1 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tó o. Ìròyìn tí wọ́n ń ka pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn B1. Ìpele wo lẹ ń lé? Fún Chancenkarte, ìwé tí Jámánì ti ń fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2024, A1 Jámánì tàbí B2 Gẹ̀ẹ́sì ló kéré jù ní ti èdè. Nọ́ọ̀sì, B2 Jámánì ni wọ́n sábà máa ń bèèrè.

Nínú ìdánwò A1 ti Goethe, máàkì 60 nínú 100 lẹ nílò. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀, kókó mẹ́ta. Ẹ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà tí gbólóhùn yín bá kéré. Liebe Frau ni, Lieber Herr ni, kọ́mà tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ní apá ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ó sọ orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú, èdè àti iṣẹ́ yín, wọ́n á sì ní kí ẹ sípẹ́lì ohun kan. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tún ti ń kó bá wa. E ti Gẹ̀ẹ́sì, etí Jámánì á gbọ́ ọ bí I, á sì kọ I. Ẹ pe A, E, I, O, U bí ẹ ṣe ń pè é ní Yorùbá gẹ́lẹ́, ó bá tiwọn mu. J ni "yot", W ni "ve", V ni "fau", Y ni "üpsilon". Ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀délé, ó yá: A, üpsilon, O, de, E, el, E. Ẹ sípẹ́lì tiyín báyìí, orúkọ àti orúkọ bàbá, kí ẹ tó pa fídíò yìí.