Ta ló fẹ́ sọ ọdún iṣẹ́ ẹ̀ nù? Ọ̀rọ̀ lórí gbígba ọlọ́pàá tó ti mọṣẹ́ sójú pópó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ìjọba ṣe lè rí ọlọ́pàá tó ti mọṣẹ́ gbà sójú pópó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, Washington tí ìlú Seattle wà o, kì í ṣe ibi tí ààrẹ wọn ń gbé. Wọ́n ní ọlọ́pàá ojú pópó tiwọn, Washington State Patrol, tó ti wà láti 1921. Trooper ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn ló ń ṣọ́ I-5 àti I-90 àtàwọn títì ńlá yòókù, àti pé ó ti pẹ́ tí wọn ò ti tó mọ́.

Ẹ ó rántí October 2021, tí gómìnà wọn nígbà yẹn, Jay Inslee, ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba abẹ́rẹ́ Kòrónà tàbí kó gbalé lọ. Nígbà tí gbèdéke pé, èèyàn 127 ni iléeṣẹ́ yẹn pàdánù, trooper 67, sájẹ́ǹtì 6, kápténì 1, àwọn yòókù jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn kan ti wá sọ ọ́ dorin pé abẹ́rẹ́ ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mi ò gbà fún wọn rárá! Ó dá kún un, òótọ́ ni, àmọ́ ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìrìnnà ilé aṣòfin wọn ti ṣèwádìí lórí bí trooper ṣe ń kúrò ní 2016, ọdún mélòó kí Kòrónà tó dé ayé. Ẹni tó ń pariwo abẹ́rẹ́ ò ka ìwádìí yẹn, tàbí kó kà á kó fẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Ní 2023 wọ́n ṣòfin, House Bill 1638, pé ẹni tuntun tó bá wọṣẹ́ máa gba bónọ́ọ̀sì 10,000 dọ́là, ẹni tó ti ń ṣe ọlọ́pàá níbòmíì tẹ́lẹ̀ máa gba 15,000. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹni tó ti mọṣẹ́ ò ṣòro: ẹni tuntun máa lo ju wákàtí 1,000 lọ ní akádẹ́mì wọn ní Shelton, lẹ́yìn ẹ̀ trooper àgbà á tún mú un rìn kó tó lè dá jáde, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ti mọ ìbọn, ó ti mọ òfin, ó ti jẹ́rìí ní kóòtù, ohun tó kù kó kọ́ ò ju ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ọkọ̀, tírélà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa, 15,000. Ìlú Seattle tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà ti fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní 30,000 láti 2022, wọ́n sì gbé e dé 50,000 ní 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí ìpínlẹ̀ ṣáà máa fowó kún owó, ẹ dákun, ibo lẹ fẹ́ kó dúró sí?

Ọdún iṣẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ mú ọlọ́pàá ẹni ọdún 36 kan tó ti ṣe ọdún 12 nílùú kékeré kan. Pẹ́ńsàn tó wà ni LEOFF, ìyẹn tàwọn ọlọ́pàá ìlú àti panápaná níbẹ̀, ó lè fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 53. Tó bá di trooper, pẹ́ńsàn ẹ̀ tún yàtọ̀, ẹni ọdún 55 tàbí ọdún iṣẹ́ 25. Òfin wà tó ń jẹ́ kéèyàn so méjèèjì pọ̀, mo mọ̀, àmọ́ ẹ bi ìyàwó ẹ̀ bóyá ó fẹ́ jókòó ti lọ́yà kó tó lóye ẹ̀. Ká tiẹ̀ yanjú ìyẹn, tó bá ti di sájẹ́ǹtì ńkọ́? Trooper ló máa tún dà. Ìsinmi Kérésì, àṣàyàn iṣẹ́ alẹ́ tàbí ọ̀sán, àwọn tó bá a níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú, títí kan ọmọ ọdún 25. Wọ́n sì lè gbé e lọ síbi tí àyè bá ṣí sílẹ̀, kó fi ọmọ tó wà níléèwé ní Spokane, ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ yẹn, sílẹ̀ kó máa bọ̀ lápá Seattle. Ó dà bí ẹni tó ti kọ́lé dé òrùlé tí wọ́n ní kó lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ míì, tí wọ́n wá fún un lówó bíríkì díẹ̀ pé kó má bínú.

Alága ti ń wo aago. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ìgbésí ayé ẹni àti ẹ̀rọ tó ń dá irọ́ mọ̀, tí wọ́n máa ń tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún rí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àǹtí kan nàwọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun sà, àmọ́ kí ló kàn wá? Tí wọ́n bá gbà wá láyè láti ní ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, ibo la ti fẹ́ rí ọ̀gá tó mọṣẹ́?"

Àǹtí, ó kàn wá gan-an. Nígbà tí Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà ni Ọ̀yọ́ fi ṣe olórí ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó fẹ̀yìn tì ò lè kún títì. Ẹni tá a nílò ni ọlọ́pàá ẹni ọdún 38 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó ṣì ní ogún ọdún níwájú. Pẹ́ńsàn tiwa tiẹ̀ rọrùn ju ti Washington lọ nínú ìwé, torí lábẹ́ òfin 2014 àkáǹtì ẹ̀ lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá yẹn rí àwọn ọ̀gá ẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n jáde ṣèwọ́de l'Abuja ní July 2025 torí owó táṣẹ́rẹ́, ó tún mọ̀ pé ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló ń yọ owó pẹ́ńsàn tí wọn kì í san án síbi tó yẹ. Ó tún kù kan: Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, wọ́n ṣe dáadáa, ìjọba àpapọ̀ tú u ká ní 1983. Ẹni tó bá ní ọdún 15 lọ́wọ́ máa rò ó pé ta ló máa gbà mí tí wọ́n bá tún tú u ká?

Nítorí náà, kí wọ́n tó ra ọkọ̀ àti yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin fúnra ẹ̀ pé ọdún téèyàn gbé wá àti ipò ẹ̀ máa kà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìjọba àpapọ̀ sì gbà á padà láìdín ọjọ́ kan kù tí iṣẹ́ yẹn bá kógbá wọlé. Tí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ò ṣe é rí nìkan la máa rí gbà, a ó sì gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́.