Eleven: ọ̀rọ̀ lórí Mike Martin, kóòṣì tó ṣe 40 ọdún

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin kóòṣì tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ kún ẹ̀yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Mike Martin ni, kóòṣì bésíbọ́ọ̀lù Yunifásítì Florida State ní Tallahassee, ní Amẹ́ríkà. February 1, 2024 ló kú, ó ku ọjọ́ 11 kó pé ẹni 80 ọdún. Àìsàn tó ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà, tí wọ́n ń pè ní Lewy body dementia, ló ti ń bá a jà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Eleven, títí dójú ikú.

Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ ọkùnrin yìí, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi: kò gba ife rí. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló kó ọmọ lọ sí Omaha, níbi tí tíìmù 8 péré ti máa ń du ife ilé-ìwé gíga gbogbo Amẹ́ríkà, kò gbà á. Ó dé fáínà ní 1986, Arizona nà wọ́n. Ó tún dé fáínà ní 1999, Miami tí wọ́n jọ wà ní Florida nà wọ́n 6-5, póìntì kan péré! Àwọn tó ń fi ife nìkan díwọ̀n kóòṣì á ní ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ yẹn, mo sì ń sọ ọ́ lójú wọn pé wọn ò mọ iṣẹ́ kóòṣì. Ẹ ka ọdún, ẹ má ka ife nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún náà. Sáà 1980 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí kóòṣì, 2019 ló fi í sílẹ̀. Gèémù 2,029 ló borí, kò sí kóòṣì kankan ní ìpele àkọ́kọ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, nínú bésíbọ́ọ̀lù tó ní tó bẹ́ẹ̀, Augie Garrido tó wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní 1,975, ó kọjá rẹ̀ ní May 2018. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó lé ní 50 lọ́dọọdún. Kò sí ọdún kan tó borí gèémù tó dín ní 40, kò sì sí ọdún kan tí wọn ò mú tíìmù rẹ̀ fún ìdíje ìparí. Ogójì ọdún gbáko! Ẹ sì rántí pé ọmọ ilé-ìwé ni o, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Ọmọ tó bá dáa, ọdún mẹ́ta ló máa lò, àwọn ẹgbẹ́ olówó á ti wá mú un lọ, ìwọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti A B D pẹ̀lú ọmọ tuntun.

Ẹ wo Buster Posey, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Martin. Ọmọ tó ń dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta ni, ó mọ ibẹ̀ dáadáa, wọ́n ní kó lọ lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, kó máa gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Lọ́dún kan péré ó ti di ọ̀gá níbẹ̀. Ní May 12, 2008, lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Savannah State, wọ́n fi sí gbogbo ipò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú gèémù kan ṣoṣo, lọ́jọ́ yẹn kan náà ó gbá bọ́ọ̀lù kan fò kọjá ọgbà nígbà tí ènìyàn wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, póìntì 4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ní kó lọ lóṣòó sí yẹn ló ti gba World Series, ife bésíbọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ olówó, mẹ́ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ Giants.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ J.D. Drew àti Deion Sanders, àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn tó gba ọwọ́ Martin kọjá, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí Martin bá kọ́ ilé dáadáa, kí ló dé tí ilé wó lẹ́yìn tó lọ?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo pa ìwé mi dé. Mike Martin Jr., ọmọ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e ní 2022. Ní 2023 gèémù 23 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 31, ìdíje ìparí tí wọn kì í ṣàìlọ láti ọdún gbọọrọ, wọn ò mú wọn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka ọdún rèé. Ohun tí gbogbo ayé ń fojú di, pé “ìdíje ni wọ́n kàn ń lọ”, ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tó mọ bó ṣe wúwo tó.

Alága ti ń wo aago, mo rí yín sà. Ṣùgbọ́n kóòṣì tó gba tíìmù yẹn nígbà tó wó, Link Jarrett, ọmọ Martin ni lórí pápá, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní June 2024 ó kó wọn padà sí Omaha. Wọ́n ń ṣíwájú Tennessee 11-8 wọ abala kẹsàn-án tó gbẹ̀yìn, Tennessee gba 4, wọ́n nà wọ́n 12-11. Wọ́n dìde, wọ́n na Virginia, wọ́n na North Carolina, kí Tennessee tó tún dá wọn padà sílé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú Eleven nìyẹn.